Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Orúkọ Kan, Ìsọ̀rí Púpọ̀

Ohun tí ẹ ó lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó lè ṣàlàyé ní èdè Yorùbá ìdí tí àwọn olùwádìí fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọ́tísíìmù sí ìsọ̀rí nígbà tí wọ́n bá ń wo ọpọlọ wọn. Ẹ ó lè lo "ju … lọ" láti fi ohun méjì wéra, ẹ ó sì mọ ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sọ. Ẹ ó tún mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin "ó ní i" àti "ó ń ṣe é".

Kí ẹ tó kà á

Ẹ bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5.

1. Ní ilé yín, bí ọmọdé kò bá wo àgbàlagbà lójú nígbà tí wọ́n ń bá a wí, kí ni wọ́n máa ń rò nípa rẹ̀?
2. Yorùbá ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Kí ni ẹ rò pé wọ́n ń wò nínú ilé náà?

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá pàdé

- *ọpọlọ*: ẹ̀yà ara tó wà nínú agbárí, èyí tí a fi ń ronú. Ẹ ṣọ́ra: ohùn àárín ni gbogbo rẹ̀. *Ọ̀pọ̀lọ́* ni ẹ̀dá kékeré tó máa ń ké létí omi nígbà òjò.
- *èèpo ọpọlọ*: ìpele òde ọpọlọ, bí èèpo ṣe wà lára igi.
- *ìhùwàsí*: ohun tí ènìyàn ń ṣe tí ẹlòmíràn lè rí.
- *ìsọ̀rí*: àkójọ àwọn ohun tó jọra. Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú "ìsọ̀rí ọ̀rọ̀".
- *ìpíndọ́gba*: iye tí a rí nígbà tí a bá ro gbogbo iye pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba.
- *àbùdá*: ìlànà tó wà nínú ara, tó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni a ti ń jogún púpọ̀ nínú rẹ̀.
- *òòfà*: irin tó ń fa irin mìíràn mọ́ra.

Àyọkà

*1. Ọmọ 11 ní Baltimore*

Ní ọdún 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, tó ń ṣiṣẹ́ ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, kọ ìròyìn nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn láti dá wà. Wọn kò fẹ́ kí nǹkan kan yí padà nínú ilé tàbí nínú ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Kanner pe ipò wọn ní ọ́tísíìmù, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "ara ẹni".

Ẹ kíyè sí ohun kan. Nínú àwọn ọmọ 11 yẹn, 8 ń sọ̀rọ̀, 3 kò sọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo ti ń bo àwọn ọmọ tí kò jọra.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn ń bèèrè pé, "Kí ló fà á?" Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ń dá ìyá ọmọ lẹ́bi. Wọ́n ní ìyá tí kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi irú ìyá bẹ́ẹ̀ wé fìríìjì. Ẹ má ṣe túmọ̀ ìyẹn sí "ìyá tútù" o! Ní Yorùbá, ìyìn ni kí a pe ènìyàn ní oníwà tútù. Ní ọdún 1964, Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ bàbá ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, tẹ ìwé kan jáde láti tako ọ̀rọ̀ náà. Ó ní inú ọpọlọ ni kí a wò, kí a fi ìyá ọmọ sílẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá náà, orí ìyá ni ẹ̀bi sábà máa ń já lé. Wọ́n lè ní ó rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún, tí iwin fi pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n lè ní ayé ló ṣe é. Wọ́n sì lè pe ọmọ náà ní emèrè. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka ìròyìn nípa ọpọlọ, ẹ rántí pé ó ju ọ̀rọ̀ yunifásítì lọ. Ó ti sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ abiyamọ.

*2. Ẹ̀rọ tó ń wo inú agbárí*

Ìlú tí a wà yìí ní ipa nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1977, ní Brooklyn, Raymond Damadian àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lo ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fúnra wọn ṣe láti ya àwòrán inú àyà ọ̀kan nínú wọn. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn gbà wọ́n ní nǹkan bí wákàtí 5. Lónìí, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fi agbára òòfà ya àwòrán ọpọlọ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, láìla agbárí.

Àwọn olùwádìí lè fi ẹ̀rọ yìí mọ bóyá èèpo ọpọlọ nípọn tàbí ó fẹ́lẹ́. Wọ́n lè mọ bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ohun méjì yìí ni a ó pè ní *ìgbékalẹ̀* ọpọlọ. Wọ́n tún lè mọ àwọn apá tó máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni a ó pè ní *ìsopọ̀*. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ìgbékalẹ̀ dà bí ilé àti ọ̀nà inú ìlú. Ìsopọ̀ dà bí àwọn tó ń gba ọ̀nà náà lọ sí ilé ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń pariwo, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mira. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ni ariwo ń ni lára púpọ̀. Nítorí náà, àwọn tó sábà máa ń wọ inú ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀, tó sì lè dúró jẹ́ẹ́. Àwòrán àwọn tí kò sọ̀rọ̀ kò pọ̀.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí tó para pọ̀ lábẹ́ orúkọ ENIGMA tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde. Wọ́n wo ọpọlọ ènìyàn 1,571 tó ní ọ́tísíìmù àti 1,651 tí kò ní in, láti ọmọ ọdún 2 títí dé ẹni ọdún 64. Wọ́n rí i pé èèpo ọpọlọ àwọn tó ní ọ́tísíìmù nípọn ju ti àwọn yòókù lọ ní apá iwájú orí. Ní ẹ̀gbẹ́ orí, nítòsí etí, ó fẹ́lẹ́ ju tiwọn lọ. Àwọn apá kan tó wà nínú lọ́hùn-ún sì kéré díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré gan-an. Bí ẹnì kan bá fún yín ní àwòrán ọpọlọ ọmọ kan ṣoṣo, ẹ kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn mọ̀ bóyá ọmọ náà ní ọ́tísíìmù.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ náà fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ní kíláàsì wa ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo 9. Ìdajì yín dé nígbà tí agogo 9 ku ìṣẹ́jú 10. Ìdajì yòókù dé nígbà tí agogo 9 ti kọjá ìṣẹ́jú 10. Bí mo bá ṣírò ìpíndọ́gba, agogo 9 gééré ni n ó rí. N ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé kíláàsì yìí kì í pẹ́, kì í sì í yá jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹnì kankan nínú yín tó dé ní agogo 9! Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ náà nìyẹn nígbà tí a bá kó gbogbo ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ kan pọ̀, tí a sì pín wọn dọ́gba.

*3. Láti ìpíndọ́gba dé ìsọ̀rí*

Láti pín ènìyàn sí ìsọ̀rí, ènìyàn púpọ̀ ni a nílò. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo kò lè rí wọn kó jọ. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní NYU àti Child Mind Institute, tí méjèèjì wà ní Manhattan, ṣáájú ibùdó 17 láti kó àwòrán ọpọlọ jọ sójú kan. Ènìyàn 1,112 ni, 539 nínú wọn ní ọ́tísíìmù. Wọ́n pe àkójọ náà ní ABIDE, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún olùwádìí gbogbo. Ní ọdún 2015, Child Mind Institute tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn, Healthy Brain Network, fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 21 ní ìlú yìí. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà pé 10,000. Nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, a lè wo àmì ọ́tísíìmù bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, yálà dókítà ti fún un ní orúkọ náà tàbí kò tíì fún un.

Ní ọdún 2023, Amanda Buch, Logan Grosenick, Conor Liston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Weill Cornell, ní York Avenue, tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn *Nature Neuroscience*. Ènìyàn 299 tó ní ọ́tísíìmù àti 907 tí kò ní in ni wọ́n wò. Wọ́n wo ohun mẹ́ta nínú ìhùwàsí: bí ẹni náà ṣe mọ ọ̀rọ̀ lò tó, bí ó ṣe ń bá ènìyàn lò, àti bí ó ṣe ń ṣe ohun kan náà léraléra. Wọ́n wá wá ibi tí ìsopọ̀ inú ọpọlọ àti ohun mẹ́ta yìí ti ń bára rìn.

Ìsọ̀rí mẹ́rin ló jáde. Àwọn méjì mọ ọ̀rọ̀ lò ju ìpíndọ́gba lọ. Nínú méjì yìí, bíbá ènìyàn lò ló nira jù fún ọ̀kan, kì í sì í ṣe ohun kan náà léraléra púpọ̀. Èkejì rẹ̀ ni òdì kejì: ó ń ṣe ohun kan náà léraléra, ṣùgbọ́n bíbá ènìyàn lò kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún un. Ní ti ìsọ̀rí méjì tó kù, ohun méjèèjì ló nira fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan mọ ọ̀rọ̀ lò gan-an, èkejì kò mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́, ìsopọ̀ láàrin apá ọpọlọ tó ń riran àti apá tó ń mọ ohun tó yẹ kí a fiyè sí lágbára jù. Nínú ìsọ̀rí kejì, ìsopọ̀ kan náà kò lágbára. Bí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, líle ti ọ̀kan lè pa rírọ̀ ti èkejì rẹ́, kí a wá rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ rántí agogo 9.

Ìsopọ̀ ni Weill Cornell wò. Ní ti ìgbékalẹ̀, àpẹẹrẹ kan wá láti UC Davis ní Sacramento, ní California. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ ń wọn ọpọlọ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Wọ́n rí i pé nínú ọmọkùnrin 100 tó ní ọ́tísíìmù, nǹkan bí 15 ni ọpọlọ wọn tóbi ju bó ṣe yẹ kó tóbi fún ara wọn lọ. Ti àwọn tó kù kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "ọpọlọ àwọn tó ní ọ́tísíìmù tóbi" ti fi ìsọ̀rí kan sọ ìtàn gbogbo wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn olùwádìí Princeton àti Simons Foundation, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Fifth Avenue, gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò wo àwòrán ọpọlọ. Wọ́n fi ìhùwàsí àti ìdàgbàsókè pín ọmọ 5,392 tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 sí 18, ohun tó lé ní 230 ni wọ́n sì wò lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀rí mẹ́rin ló tún jáde, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe mẹ́rin ti Weill Cornell. Nínú ọmọ 100:

- 37 ní ìṣòro bíbá ènìyàn lò àti ti ìhùwàsí, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ rìn, wọn kò sì pẹ́ sọ̀rọ̀;
- 34 ní àwọn àmì kan náà, ṣùgbọ́n kò le lára wọn;
- 19 pẹ́ kí wọ́n tó rìn tàbí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀;
- 10 ní ìṣòro tó le ní gbogbo ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá wo àbùdá, wọ́n sì rí i pé ti ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́, àwọn àbùdá tó yí padà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti bí ọmọ. Èyí bá ohun tí àwọn òbí ń rí mu: ó máa ń pẹ́ kí dókítà tó mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí.

*4. Ojú ta ni a fi ń wo ìhùwàsí?*

Ẹ̀rọ ló ń wọn ọpọlọ. Ìhùwàsí ńkọ́? Ènìyàn ló ń wò ó, tó sì ń fún un ní nọ́ńbà. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ADOS, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n máa ń wò ni bí ọmọ ṣe ń wo ènìyàn lójú. Ní New York, wọ́n retí kí ọmọ wo olùkọ́ rẹ̀ lójú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú ṣinṣin nígbà tí wọ́n ń bá a wí ni wọ́n ń pè ní aláfojúdi. Ẹni tó bá ń ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ó má bàa pe ẹ̀kọ́ ilé ní àmì ọ́tísíìmù.

Òdì kejì náà wà. Ìkíni ni àwa Yorùbá fi ń mọ ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ọmọ tí kò kúnlẹ̀, tí kò dọ̀bálẹ̀, tí kò dáhùn nígbà tí wọ́n pè é, wọ́n lè ní kò lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì nà án. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun kí ènìyàn, ó sì lè jẹ́ pé ariwo inú ilé ló ń dà á láàmú.

Ọ̀pọ̀ òbí kì í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ọdún 2014, Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn, tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú ọmọ 2,320 tí wọ́n gbé wá síbi ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé níbẹ̀, 54 ló ní ọ́tísíìmù. Ọmọ tí wọ́n bá gbé wá nìkan ni ilé ìwòsàn lè kà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ń wá wọn kiri láti kà wọ́n, ọmọ ọdún 8 kan nínú 31 ni wọ́n kà ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ṣe ìṣirò ọdún 2022.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin tí òbí yín ń sọ Yorùbá nílé. Àwọn kan máa ń gba òbí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù níyànjú pé kí wọ́n fi èdè ilé sílẹ̀, kí èdè méjì má bàa da ọmọ náà láàmú. Àwọn ìwádìí tó wà kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Èdè méjì kò sọ ọ́tísíìmù di líle, kò sì dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró. Bí wọ́n bá gba èdè màmá àgbà lẹ́nu ọmọ náà, ta ni yóò máa bá a ṣeré nílé?

*5. Ìsọ̀rí kì í ṣe àyànmọ́*

Títí di òní, kò sí àwòrán ọpọlọ tí dókítà lè wò kó sọ pé, "Ọmọ yìí ní ọ́tísíìmù, ìsọ̀rí kejì ló wà." Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣì gbọ́dọ̀ jókòó ti ọmọ, kí ó bá a ṣeré, kí ó sì gbọ́ ti ẹnu òbí rẹ̀. Àwọn ìsọ̀rí tí ẹ kà nípa wọn yìí kò tíì dọ́gba láti iṣẹ́ kan sí èkejì. Ọmọ sì ń dàgbà. Ohun tó nira fún un ní ọdún 5 lè rọrùn fún un ní ọdún 15.

Kí wá ni ìsọ̀rí wà fún? Ó wà fún ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ nílò ọ̀nà mìíràn láti bèèrè omi. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ìwé, tí kò sì ní ọ̀rẹ́, nílò ohun mìíràn. Bí a bá fún àwọn méjèèjì ní oògùn kan náà tàbí ẹ̀kọ́ kan náà, ó lè ran ọ̀kan lọ́wọ́ kó má ran èkejì lọ́wọ́, ìpíndọ́gba á sì sọ pé kò ṣiṣẹ́. Àwọn baba wa ní ká wo ilé ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ ná. Iṣẹ́ tó kù ni wíwo ilé.

Àkíyèsí lórí èdè

A. *Ó ń ṣe é* àti *ó ní i*. Fún àìsàn tó ń wá, tó sì ń lọ, a máa ń sọ pé "ibà ń ṣe é", "orí fífọ́ ń ṣe é". Ọ́tísíìmù kì í wá kó lọ bí ibà. Nínú àyọkà yìí, "ó ní ọ́tísíìmù" ni mo lò. Bí ẹnì kan bá bèèrè pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ yín?", ó ti gbà pé àìsàn ni kí ó tó gbọ́ ìdáhùn.

B. *Ju … lọ*. "Èèpo ọpọlọ wọn nípọn ju ti àwọn yòókù lọ" ń sọ̀rọ̀ nípa ìpíndọ́gba. Kò sọ pé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nípọn. Láti dín agbára gbólóhùn náà kù, ẹ lo *díẹ̀*: "Ó nípọn díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ." Láti sọ pé kì í ṣe gbogbo wọn, ẹ lo *àwọn kan* tàbí *sábà*.

D. *Àpètúnpè*. Nígbà tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Yorùbá máa ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: *léraléra*, *lemọ́lemọ́*, *díẹ̀díẹ̀*. Ẹ fi èyí wé *wò → wíwò*, *sọ → sísọ*, *pín → pípín*, níbi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ìbéèrè lórí àyọkà

1. Nínú àwọn ọmọ 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn, mélòó ló ń sọ̀rọ̀? Kí ni iye yẹn fi hàn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìgbékalẹ̀ ọpọlọ àti ìsopọ̀ rẹ̀? Ẹ fún olúkúlùkù ní àpẹẹrẹ kan tiyín.
3. Ẹ lo ìtàn agogo 9 láti ṣàlàyé ohun tí Weill Cornell rí nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́ àti ìkejì.
4. Kí ló dé tí àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kò fi pọ̀? Ìṣòro wo ni èyí lè dá sílẹ̀ fún ìsọ̀rí tí a bá pín?
5. Ẹ wá gbólóhùn mẹ́ta tó ní "ju … lọ" nínú àyọkà, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ìpíndọ́gba nínú wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Màmá kan láti Ìbàdàn ń gbé ní Staten Island. Dókítà ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 6, ní ọ́tísíìmù. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó sì bèèrè pé, "Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe ọmọ yìí gan-an?" Ẹ kọ ohun tí màmá náà máa sọ, ní gbólóhùn 10 sí 12. Ẹ lo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó yẹ ìyá ọkọ, ẹ má ṣe lo "ń ṣe é" fún ọ́tísíìmù, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá ọkọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹ mú un wá sí kíláàsì. A ó fi ohùn kà á fún ara wa.